Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀rọ BP tí mo rà fún màmá mi

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń tú laptop palẹ̀, tí mò ń jó ṣíìpù mọ́ bọ́ọ̀dù, tí mo sì ń bá àwọn èèyàn wá fáìlì wọn tó sọnù. Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ fún màmá mi ní Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n wá ẹ̀rọ tí wọn yóò máa fi wọn BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nílé, èmi ni àwọn àbúrò mi kọjú sí. Wọ́n ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ."

Oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti ra irú rẹ̀ fún òbí yín ni pé ẹ rà á. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ sì padà sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kejì. Ẹ dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ẹ fi ẹnì kan tó ní sùúrù tì wọ́n.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe tiwa, nítorí oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀ ni mo rí lórí káńtà àwọn ilé oògùn tí mo yà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Kò ju búrẹ́dì kékeré lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń hàn lójú rẹ̀: ti òkè (ìfúnpá nígbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde), ti ìsàlẹ̀ (ìfúnpá nígbà tí ọkàn ń sinmi), àti iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní ọ̀já tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ọ̀já náà mọ́ ẹ̀rọ, bátìrì mẹ́rin irú èyí tí a ń kì sí rédíò, àti bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan fún ẹni kìíní, ọ̀kan fún ẹni kejì, kí àkọsílẹ̀ wọn má bàa dàpọ̀. Bluetooth rẹ̀ ń gbé nọ́ńbà lọ sórí fóònù. ₦46,500 ni mo rà á. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì tiwa, mo sì fi í sílẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọwọ́ bá sì wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọkàn wà, nọ́ńbà á gòkè láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe onítọ̀hún.

Kí n tó gbé ẹ̀rọ náà dé Ìsẹ́yìn ni mo ti mọ ohun tó wà nínú irú rẹ̀. Kì í ṣe ti màmá mi ni mo tú o. Oníbàárà kan ló gbé èyí tó ti kú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá, mo sì ṣí i wò: pọ́ǹpù kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ihò kékeré kan tó ń ṣí tó sì ń dé kí atẹ́gùn lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, sẹ́nsọ̀ tó ń wọn agbára atẹ́gùn náà, àti ṣíìpù dúdú kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo ìṣirò. Kò sí ohun tó lè gbọ́ ìró kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn, nítorí etí ni nọ́ọ̀sì fi ń wọn tirẹ̀. Dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkoff, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1905, títí di òní ni wọ́n sì ń lò ó: wọ́n á fún ọ̀já mọ́ apá títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè kọjá, wọ́n á máa tú atẹ́gùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ́tí sí iṣan tó wà níbi ìgúnpá. Ibi tí ìró bá ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà òkè. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa kò gbọ́ nǹkan kan, ìgbọ̀n ló ń mọ̀ lára. Bí atẹ́gùn ọ̀já ti ń dínkù tí ẹ̀jẹ̀ sì ń fipá wọlé, ara iṣan á máa gbọ̀n, á sì máa ti atẹ́gùn inú ọ̀já náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbọ̀n yìí á kọ́kọ́ kéré, á tóbi dé góńgó, á tún kéré padà. Góńgó yẹn ni ẹ̀rọ rí gan-an, ibẹ̀ ni ìpíndọ́gba ìfúnpá náà sì sún mọ́. Nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí ẹ ń kà lójú rẹ̀, sọ́fítíwíà ló ṣírò wọn jáde látinú bí ìgbọ̀n náà ṣe ń dàgbà tó sì ń rọlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀, wọn kì í sì í fi hàn. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi ọkàn wa balẹ̀ ni pé wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò lára ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti àwọn tí wọ́n kọ́ dáadáa láti fi etí wọn ọ́n. Àkójọ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, STRIDE BP ni orúkọ ọ̀kan, Validate BP ni ti èkejì ní Amẹ́ríkà. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn páálí, kí ẹ sì wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan kò tó, nítorí ilé-iṣẹ́ kan náà lè ní èyí tí wọ́n dán wò àti èyí tí wọn kò dán wò.

Àwọn kan lè rò pé mò ń ṣe àṣejù. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò lè gbàgbé Therac-25. Ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni, ìtànṣán ló fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n lò ó ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láàárín 1985 sí 1987, ó kéré tán, aláìsàn mẹ́fà ló ta ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà sí lára, àwọn kan nínú wọn sì kú. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà tí a lè fọwọ́ kàn, tó ń dá iṣẹ́ dúró bí nǹkan bá ti yàtọ̀. Nínú èyí, wọ́n yọ ìdènà náà, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ lé sọ́fítíwíà lọ́wọ́. Bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá tún ohun tó tẹ̀ ṣe ní kíákíá, apá kan sọ́fítíwíà náà kò ní tíì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ẹ̀rọ BP kò lè jó ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò tọ̀nà lè mú kí wọ́n fi oògùn kún oògùn fún àgbàlagbà, kí òòyì sì gbé e ṣubú lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lò ó fún ara mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń bá oníbàárà jiyàn owó screen lọ́wọ́, mo ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, apá mi sì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga: 139 lórí 89. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn ti àga, mo tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, mo gbé apá lé tábìlì kó bá àyà mi dọ́gba, mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún: 123 lórí 78. Ẹni kan náà, ẹ̀rọ kan náà, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú síra wọn.

Ọ̀já ni mo fẹ́ bá yín sọ jù, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wá nínú jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé ẹ̀rọ náà dé ilé, màmá mi wọn ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní: 174 lórí 98. Lálẹ́, 171. Lọ́jọ́ kejì, 176. Ìyá tó máa ń jí lọ sí ìsọ̀ aṣọ òkè wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa kò lọ mọ́. Wọ́n yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ pátápátá, wọ́n sì pe àbúrò wọn láti Ọ̀yọ́ kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ wọn lóru tí wọ́n ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ kẹrin mo gbé ẹ̀rọ náà àti ìyá mi lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa. Kò tilẹ̀ tíì wo nọ́ńbà kan tó fi di apá màmá mi mú. Ó ní, "Ta ló fi ọ̀já yìí wé apá yìí?"

A mú téèpù aránṣọ, a fi wọn àárín apá òkè wọn: sẹ̀ǹtímítà 36. Lára ọ̀já náà, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé 22 sí 32 ló wà fún. Ọ̀já tó bá kéré fún apá kò lè fún iṣan náà dáadáa, ẹ̀rọ á wá máa fún un lágbára jù kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dúró, ìṣirò á sì gbé nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ jáde. Sọ́fítíwíà kò mọ̀ pé apá tóbi. Ohun tó bá bá pàdé ló ń kà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Baltimore, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, fi hàn pé bí wọ́n bá fi ọ̀já gbogbogbòò wé apá ẹni tó nílò ọ̀já ńlá, nọ́ńbà òkè á fi bíi 5 ga ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá sì jẹ́ apá tó nílò ọ̀já tó tóbi jù lọ, ó ń sún mọ́ 20. Mo padà sí Ìbàdàn, mo ra ọ̀já ńlá irú ti ẹ̀rọ náà gan-an lọ́tọ̀ ní ₦13,000. A fi wọn màmá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti sinmi tí ọkàn wọn sì ti balẹ̀: 152 lórí 88. Ó ṣì ga. Ìtọ́jú ṣì kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń lé ìyá lóorun.

Inú mi kò dùn sí ilé oògùn tí mo ti rà á títí di òní. Kò sẹ́ni tó béèrè pé apá ta ni a fẹ́ fi wé. Ẹni tó ń ta bàtà kò ní ta á láìbéèrè sáìsì.

Ìgbà tó di oṣù kejì, dókítà pe mí. Ó ní àkọsílẹ̀ tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ kò yé òun, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló wà lórí gbogbo rẹ̀, a sì wà ní oṣù kẹfà. Mo gun ọ̀nà Mọ́níyà lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bátìrì rédíò màmá mi ti tán, wọn kò sì fẹ́ kí ètò àárọ̀ wọn kọjá, ni wọ́n bá yọ ti ẹ̀rọ BP kì sí i. Lọ́sàn-án wọ́n á dá a padà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó ti wà nínú ẹ̀rọ kò parẹ́, ṣùgbọ́n aago inú rẹ̀ kò ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí náà ó ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá yọ bátìrì. Bí a bá so ó mọ́ áàpù lórí fóònù, áàpù ló ń bá a tún aago ṣe. Ní tiwa, àbúrò mi kì í so ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, nǹkan sì ti dàrú kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra páálí bátìrì kan fún rédíò nìkan. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ yìí fún òbí, kó ra bátìrì rédíò mọ́ ọn.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀ ni mo tún rí i pé ìpíndọ́gba tí áàpù ń gbé jáde kò bá ti màmá mi mu rárá. Gbogbo adúgbò ti ń wá wọn BP. Oníṣu tó wà lójú títì, ìyàwó àlùfáà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń hun aṣọ nínú ọgbà, gbogbo wọn ló ń tẹ bọ́tìnnì ẹni kìíní, orí àkọsílẹ̀ màmá mi sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà tí àlejò fi lè wọn tirẹ̀ láìfi í pamọ́, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé ìlànà kó tó rí i, èdè òyìnbó sì ni ìwé náà. Mo fi bíi wákàtí méjì jókòó ti màmá mi, tí wọ́n ń rántí ẹni tó ni nọ́ńbà wo, tí mo sì ń pa èyí tí kì í ṣe tiwọn rẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti rí 194 lórí 112. Màmá mi ní bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí wa ló ni ín, láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bàbá náà sì ti rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ náà ń parọ́, pé kò sí ibi kankan tó ń dun òun. Mo gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó. Apá wọn bá ọ̀já kékeré mu. A wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín, kò sì wálẹ̀ ju 188 lọ. Ọmọ wọn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yẹn kan náà. Wọ́n ń lo oògùn báyìí, wọ́n sì ń kí mi lórí fóònù ní gbogbo Jímọ̀. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tó tó bílíọ̀nù 1.28, láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún sí mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé, àti pé bíi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò mọ̀ pé òun ní in. Mo ti ka nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀. N kò rò ó dé ọ̀dọ̀ bàbá tó máa ń bá wa tún kẹ̀kẹ́ ṣe nígbà tí a wà ní kékeré.

Áàpù náà dára, ó kàn ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Nígbà tí mo fẹ́ so ó mọ́ fóònù àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú màmá mi, ó ní ká jẹ́ kí òun mọ ibi tí fóònù wà. Àbúrò mi kọ̀, ó sì tọ̀nà kó béèrè ìdí. Lórí fóònù Android láti ẹ̀dà 6 títí dé 11, áàpù kò lè wá irú ẹ̀rọ Bluetooth yìí kàn láìgba àyè ìyẹn. Láti Android 12 ni wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Torí náà a gbà fún un. Èyí tó fẹ́ ka nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ wa, a kò gbà, kò sì dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó dùn mí jù lára sọ́fítíwíà yìí ni èdè. Àwọn èdè tó wà lórí áàpù pọ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti fi ìka fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí òpin wọn, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Màmá mi mọ nọ́ńbà kà dáadáa, owó aṣọ òkè ni wọ́n fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀já bá dẹ̀, lẹ́tà E ni ẹ̀rọ máa gbé jáde, wọn kò sì mọ ohun tó ń bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ̀rọ yìí nílò kò pọ̀: ẹ tún ọ̀já wé, ẹ má sọ̀rọ̀, bátìrì ti ń tán, ó ti parí. Mo gé páálí bíbo, mo kọ wọ́n síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pẹ̀lú àwòrán, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ fi Yorùbá sínú tirẹ̀, èmi á bá a tà á dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ní Ìsẹ́yìn.

Ìgbà tí a wá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ ni dókítà rí ohun tí kò rí láti ọdún méjì. Ọjọ́ méje gbáko, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, ìṣẹ́jú kan láàárín. Wọ́n yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, wọ́n sì wá ìpíndọ́gba ìyókù. Ní ilé ìwòsàn, 140 lórí 90 ni wọ́n ń pè ní ààlà, nílé 135 lórí 85 ni. Tí màmá mi bá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á gun ọ̀kadà, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí méjì, wọ́n á sì wọn wọ́n bí wọ́n bá ṣe ń dìde: 165, 168. Nílé, ti alẹ́ wà ní nǹkan bíi 131. Ti àárọ̀ ló ń ga, tó ń dé 150. Dókítà wo ìlà méjèèjì lórí fóònù mi, ó béèrè ìgbà tí wọ́n ń lo oògùn, ó sì yí ọ̀kan padà dípò kó fi ẹ̀kẹta kún un bó ṣe ti ń gbèrò. Òun ló yí i o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín oògùn kù tàbí fi kún un nítorí nọ́ńbà tó rí lójú ẹ̀rọ.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ìṣirò tí mo ṣàlàyé lókè yẹn lè ṣìnà bí ìlù ọkàn bá ń fò. Fún aláboyún, èyí tí wọ́n dán wò lára àwọn aláboyún ni kí ẹ wá. Fún ìyókù wa, ₦59,500 ni gbogbo rẹ̀ ná mi pẹ̀lú ọ̀já ńlá, bí mo bá sì tún fẹ́ rà á lónìí, màá rà á, téèpù aránṣọ ni n ó sì kọ́kọ́ mú jáde.

Màmá mi pè mí láàárọ̀ yìí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kà á fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ka iye ọ̀pá aṣọ: "Mẹ́rìnléláàádóje lórí méjìlélọ́gọ́rin, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kejì, mọ́kànléláàádóje." Mo gbọ́ ohùn rédíò lẹ́yìn wọn.